Ohùn Láti Ojú Sánmà: Bí Rédíò Sátẹ́láìtì Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ àti Bí A Ṣe Ń Yan Ẹ̀rọ Tí Ń Gbà Á

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọ̀dọ́ wa ní Ìkìrun, Inísà àti Òkukù sọ)



Ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó ni pẹ̀lú. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ní Inísà ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan tí a kó wá láti Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ náà dára, kò sì bà á nínú jẹ́. Níbi tí ó ti ń tẹ àwọn bọ́tìnnì rédíò inú rẹ̀ wò ni ó ti rí ọ̀kan tí a kọ XM sí lára. Ó tẹ̀ ẹ́, iná tàn lójú rédíò náà, àmọ́ ohùn kankan kò jáde. Ó gbé e tọ ẹnì kan tí ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe lọ. Ẹni yẹn sọ fún un pé rédíò sátẹ́láìtì ni, pé òun mọ bí a ṣe ń ṣí i, kí ó ṣáà mú owó wá. Ó san owó àkọ́kọ́, wọ́n pààrọ̀ áńtẹ́nà; rédíò kò sọ̀rọ̀. Ó san ẹlẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní káàdì kan ni ó kù. Rédíò kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n dárúkọ owó ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni ó wá bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n san án?”

Mo ní kí ó má san kọ́bọ̀ mọ́. Ó bi mí ní ìdí rẹ̀, mo sì rí i pé ìdí náà kò ṣeé sọ tán lórí ìdúró. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ àwọn àgbà wa pé kí wọ́n fún mi ní àyè díẹ̀ láàrin yín. Ohun tí mo fẹ́ kí olúkúlùkù mú lọ sílé kò ju ọ̀kan lọ: kí á tó ra ẹ̀rọ kankan tí yóò máa gba ohùn láti ojú sánmà, kí á kọ́kọ́ bèèrè ibi tí ohùn náà ti ń bọ̀, kí á bèèrè bóyá ó ń dé ọ̀dọ̀ wa, kí á sì bèèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti orí wáyà dé orí òpó

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àwọn bàbá wa ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Disẹ́ńbà ọdún 1935 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ń ṣàkóso ilẹ̀ wa nígbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà pín ohùn rédíò láti ilé dé ilé ní ìlú Èkó. Ní ọdún 1939, ó dé Ìbàdàn. Àpótí kékeré ni wọ́n ń gbé sílé onílé, onílé a sì máa san owó rẹ̀. Irú àpótí bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn wa wò tí wọ́n fi sọ rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́ láìgba èsì ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó bá wọ orí wáyà náà ni wọ́n ń gbọ́. Ẹni tí ó ni àpótí kò lè yan òmíràn. Bí wáyà bá sì já, àpótí di igi lásán. Ẹ fi ọ̀rọ̀ àpótí yìí sí ọkàn, nítorí a ó padà sí i.

Lẹ́yìn wáyà ni rédíò tí ń gba ohùn láti inú afẹ́fẹ́ wá gbilẹ̀. Ilé iṣẹ́ agbohùnsáfẹ́fẹ́ a gbé òpó gíga kalẹ̀, a sọ ohùn di ìgbì tí ojú kò lè rí, a sì tú u sílẹ̀ láti orí òpó náà. Ìgbì FM, bí èyí tí ilé iṣẹ́ OSBC ní Òṣogbo ń lò lórí 104.5, dà bí ìríran ènìyàn: tààrà ni ó máa ń lọ. Ohun tí ó bá dí ojú lọ́nà, ó lè dí òun náà lọ́nà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn òkè ní Ìkìrun fi lè máa gbọ́ ariwo ṣẹẹṣẹẹ, nígbà tí ẹni tí ó gun òkè náà ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ketekete. Ìgbì kúkúrú, èyí tí a ń pè ní SW, ní ọgbọ́n tirẹ̀: ó máa ń lọ sókè, yóò kọlu apá kan nínú òfuurufú, yóò sì ta padà sílẹ̀ ní ibi jíjìn. Nípa báyìí ni àwọn bàbá wa fi ń gbọ́ Lọ́ńdọ̀nù ní Òkukù. Ṣùgbọ́n ohùn náà a máa lọ, a máa bọ̀, bí ohùn ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nínú ìjì.

Bí a bá ń fẹ́ ohùn tí ó mọ́ tí ó sì lọ jìnnà, kí ni kí á ṣe? Kí á gbé òpó náà ga sí i ni. Bí a bá gbé e ga tó bẹ́ẹ̀ tí òkè kankan kò lè dí i mọ́, tí ìlú púpọ̀ sì lè rí i lẹ́ẹ̀kan náà, a ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ sátẹ́láìtì ti bẹ̀rẹ̀. Òpó tí a gbé sí ojú sánmà ni sátẹ́láìtì.

Òpó tí kò fẹsẹ̀ kanlẹ̀

Báwo ni òpó ṣe lè dúró sí ojú sánmà tí kò ní já bọ́? Ní ọdún 1945, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Arthur C. Clarke kọ̀wé pé bí a bá gbé ẹ̀rọ kan sí òkè ìlà tí ó pín ayé sí méjì, ní ìwọ̀n nǹkan bí 36,000 kìlómítà sókè, yóò máa yí ayé po ní ìwọ̀n àkókò kan náà tí ayé fi ń yí ara rẹ̀ po. Ẹni tí ó bá wà nílẹ̀ yóò máa rò pé ojú kan ni ó dúró sí. Ẹ wo ẹni tí ó gbé agboòrùn lé ọba lórí. Ọba ń rìn, ẹni tí ó gbé agboòrùn ń rìn, síbẹ̀ agboòrùn kò kúrò lókè orí ọba. Bí irú sátẹ́láìtì yìí ṣe ń bá ayé rìn nìyẹn. Kí ẹ lè mọ bí ó ti ga tó, bí a bá na okùn tààrà láti Òkukù dé Makkah, yóò tó nǹkan bí 4,000 kìlómítà. Gíga sátẹ́láìtì náà tó ìlọ́po mẹ́sàn-án èyí.

Ilẹ̀ wa kò sì jìnnà sí ìtàn yìí rárá. Ní oṣù Júláì ọdún 1963 ni Amẹ́ríkà ju Syncom 2 sókè, sátẹ́láìtì ìbánisọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó ń yípo ní ìwọ̀n àkókò kan náà pẹ̀lú ayé. Ní ọjọ́ 23 oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ọdún náà, Ààrẹ Kennedy ní Washington bá olórí ìjọba wa, Alhaji Abubakar Tafawa Balewa, sọ̀rọ̀ láti orí rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Kingsport, tí ó gúnlẹ̀ sí èbúté Èkó, ni ẹ̀rọ tí ń gba ohùn náà wà nínú rẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ni a ní ibùdó tiwa tí ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀, ní Lánlátẹ̀ nílẹ̀ Ìbàràpá. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun àjèjì tí kò kan Yorùbá ni à ń sọ.

Iṣẹ́ sátẹ́láìtì náà kò lọ́jú pọ̀ bí a bá tò ó lẹ́sẹẹsẹ. Èkíní, ẹni tí ń sọ̀rọ̀ jókòó sí ilé iṣẹ́ rédíò; ẹ̀rọ a sọ ohùn rẹ̀ di nọ́ńbà, òdo àti oókan, lọ́pọ̀lọpọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Èkejì, díìsì ńlá kan a ju àwọn nọ́ńbà náà sókè lórí ìgbì. Ẹ̀kẹta, sátẹ́láìtì a gbà wọ́n, a fún wọn ní agbára tuntun láti inú iná tí ó ń rí gbà lára oòrùn, a pààrọ̀ ìgbì wọn kí èyí tí ń lọ má bàa dí èyí tí ń bọ̀ lọ́wọ́, a sì dà wọ́n padà sílẹ̀. Ẹ̀kẹrin, ẹ̀rọ tí ó wà lọ́wọ́ wa a gbà wọ́n, a sì tún sọ wọ́n di ohùn. Gbogbo àlọ àti àbọ̀ yìí kò gbà ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kan lọ.

Ìdí tí rédíò ọkọ̀ náà kò fi lè sọ̀rọ̀

Nísinsìnyí a lè dá ọ̀dọ́kùnrin Inísà lóhùn. Sátẹ́láìtì kì í da ohùn sí gbogbo ayé. Bí ẹni tí ó mú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ lórí òkè ni ó rí: ibi tí ó bá dojú tọ́ọ̀ṣì kọ ni ìmọ́lẹ̀ ń dé, ibi yòókù wà nínú òkùnkùn. Ilé iṣẹ́ XM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2001. Ilé iṣẹ́ Sirius tẹ̀ lé e ní 2002, àwọn méjèèjì sì di ọ̀kan ní 2008 tí a fi ń pè wọ́n ní SiriusXM. Ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì tiwọn, Amẹ́ríkà àti àwọn àgbègbè tí ó yí i ká ni ó dojú kọ.

Ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi méjì tí a gbé àwọn sátẹ́láìtì XM sí jẹ́ dígírì 85 àti dígírì 115 ní ìwọ̀ oòrùn ayé. Láti Inísà tàbí Òkukù, abẹ́ ibi tí sánmà ti pàdé ilẹ̀ ni àwọn méjèèjì wà. Ẹ̀yin tí ẹ ń dúró de àkókò ìrun Mágíríbì mọ bí oòrùn ṣe ń wọ̀. Nígbà tí ó bá ti wọ̀, ṣé ẹnì kan wà tí ó lè fi wáyà tàbí káàdì fà á padà? Bí ọ̀rọ̀ sátẹ́láìtì wọ̀nyẹn ṣe rí fún wa nìyẹn. Wọ́n ti wọ̀, wọn kò sì níí yọ, nítorí pé ojú kan ni wọ́n wà. Ìgbì wọn kò lè la inú ilẹ̀ kọjá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gba owó lọ́wọ́ yín láti ṣí bọ́tìnnì XM nínú ọkọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, yálà kò mọ iṣẹ́ ni o, tàbí ó mọ̀ ọ́n tí ó ń rẹ́ yín jẹ. Rédíò náà kò bàjẹ́. FM rẹ̀ yóò máa gba Òṣogbo láìsí wàhálà. Kí ẹ fi bọ́tìnnì kejì sílẹ̀.

Èyí tí ó dojú kọ wa, àti bí ó ṣe kú

Ẹlòmíràn lè bèèrè pé, “Ṣé kò wá sí rédíò sátẹ́láìtì tí a ṣe fún àwa náà ni?” Ó ti wà rí. Noah Samara, ẹni tí a bí ní Etiópíà, ni ó dá ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ WorldSpace sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1990. Èrò rẹ̀ ni pé kí ohùn tí ó mọ́ gaara, tí ó gbé ìròyìn àti ẹ̀kọ́ dání, máa dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn ní Áfíríkà àti Éṣíà tí wọn kò ní ju ìgbì kúkúrú lọ. Ní oṣù Òkútóbà ọdún 1998, wọ́n ju sátẹ́láìtì rẹ̀ àkọ́kọ́, AfriStar, sókè láti Kourou. Dígírì 21 ní ìlà oòrùn ni wọ́n gbé e sí. Tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta ni ó ní: ọ̀kan kọjú sí ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, ọ̀kan sí ìlà oòrùn rẹ̀, ọ̀kan sí gúúsù. Ọdún 1999 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

AfriStar kò wọ̀ lójú wa. Láti Òkukù, òkè lọ́hùn-ún ni ó wà, ó súnmọ́ àtàrí ju ilẹ̀ lọ. Ìgbì tí ó ń lò jẹ́ irú èyí tí kò nílò díìsì. Áńtẹ́nà pẹlẹbẹ kékeré kan tí a gbé sójú fèrèsé, tí ó kọjú sí ibi tí sátẹ́láìtì wà, ti tó o. Àwọn ilé iṣẹ́ Japan bíi Hitachi, Panasonic, JVC àti Sanyo ni ó ṣe rédíò rẹ̀. Àléébù méjì ni ó fara hàn ní kíá. Rédíò náà wọ́n, iye rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ju 200 dọ́là lọ, owó tí àgbẹ̀ tàbí olùkọ́ ilé ìwé kò lè yọ sílẹ̀ wẹ́rẹ́. Ìkejì ni pé ohùn WorldSpace nìkan ni apá sátẹ́láìtì rẹ̀ lè gbà. Nígbà tí ó yá, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìkànnì náà di èyí tí a ń san owó àsansílẹ̀ fún kí á tó lè gbọ́ wọn.

Gbèsè wọ ilé iṣẹ́ náà lọ́rùn. Ní oṣù Òkútóbà ọdún 2008, ó lọ sí ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà láti wá ààbò lọ́wọ́ àwọn tí ó jẹ lówó. Kò rí ẹni gbé e dìde bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ náà sì dópin. Rédíò tí ẹnì kan fi owó iyebíye rà di ohun tí kò lè gba ohùn kankan mọ́ láti ojú sánmà. Kò sí wáyà tí ó já nínú wọn, bátìrì wọn kò kú, síbẹ̀ wọ́n yadi. Ǹjẹ́ ẹ rántí àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì tí a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀? Ohun tí ó ṣe àpótí nígbà tí wáyà rẹ̀ já náà ni ó ṣe rédíò wọ̀nyí. Wọ́n kúrò lórí wáyà irin, wọ́n bọ́ sórí wáyà ìwé àdéhùn, èyí tí ojú kò rí.

Títí di òní, a kò tí ì ní irú rẹ̀ mìíràn tí a ṣe fún ilẹ̀ wa, tí ènìyàn kàn lè gbé rédíò kékeré síwájú fèrèsé kí ó sì máa gbọ́ ojú sánmà. Ẹni tí ó bá ń polówó irú rẹ̀ fún yín lọ́jà, ẹ ní kí ó tan án níwájú yín kí ẹ tó fọwọ́ kan àpò.

Ìbéèrè mẹ́rin kí á tó sanwó

Nínú ìtàn méjèèjì yìí ni mo ti yọ ìbéèrè mẹ́rin. Ìbéèrè kìn-ín-ní: Níbo ni ohùn náà ti ń bọ̀, ṣé ó ń dé ìlú wa? Èyí ni ìbéèrè tí ọ̀dọ́kùnrin Inísà kò bèèrè. Ìbéèrè kejì: Ta ni ó di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú? Bí ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó lè ṣí i, ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ náà bá kú tàbí tí owó bá tán lọ́wọ́ yín ni ẹ̀rọ yín kú. Ìbéèrè kẹta: Iná wo ni yóò máa jẹ? Ẹ̀rọ tí ó ń fẹ́ iná mànàmáná ní gbogbo ìgbà yóò dákẹ́ ní alẹ́ tí a nílò ìròyìn jù lọ. Ìbéèrè kẹrin: Bí ó bá bàjẹ́, ta ni yóò tún un ṣe láàrin Ìkìrun sí Òkukù? Ẹ̀rọ tí a gbọ́dọ̀ gbé lọ sí Èkó kí á tó rí ohun èlò rẹ̀, owó rẹ̀ kò tíì tán lọ́jọ́ tí a rà á.

Àwọn ẹ̀rọ tí ó wà níwájú wa

Rédíò lásán ni àkọ́kọ́, mo sì bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ilé iṣẹ́ kan bá kógbá sílé, a ó yí i sí òmíràn. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ wo nọ́ńbà FM ojú rẹ̀; kí ó lọ láti 87.5 títí dé 108. Àwọn rédíò kan tí a ṣe fún ilẹ̀ Japan máa ń bẹ̀rẹ̀ ní 76, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í kọjá 90 tàbí 95, nítorí náà 104.5 kò sí nínú wọn. Ẹ wá èyí tí ó ní SW pẹ̀lú, tí áńtẹ́nà rẹ̀ gùn, tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí a ń tà ní gbogbo ọjà, tàbí tí ó lè gba iná lára oòrùn. Ìyá wa àgbà tí ó wà lóko kò nílò ju èyí lọ.

Ẹ̀kejì ni díìsì àti dẹ́kódà. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀ pé ohun tí wọ́n rà fún àwòrán ń gba rédíò pẹ̀lú. Lára rìmóòtù ọ̀pọ̀ dẹ́kódà ni bọ́tìnnì kan wà tí a kọ RADIO sí. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, àwọn ìkànnì ohùn yóò jáde. Bí a bá ti yan ìkànnì tán, a lè so dẹ́kódà náà mọ́ sípíkà, kí á sì pa tẹlifíṣọ̀n láti dín iná kù. Oríṣi méjì ni dẹ́kódà. Ọ̀kan ń gba ohun tí a kò tì pa nìkan, kò sí owó oṣooṣù lórí rẹ̀. Èkejì, irú bíi DStv, owó àsansílẹ̀ ni ó fi ń ṣí ìlẹ̀kùn. Kò sí èyí tí ó burú nínú méjèèjì bí a bá mọ ohun tí a rà. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa pé a kọ DVB-S2 sí ara èyí tí ẹ fẹ́ rà, nítorí dẹ́kódà àtijọ́ tí ó jẹ́ DVB-S nìkan kò lè ka èyí tí ọ̀pọ̀ ìkànnì ń lò báyìí.

Ní ti díìsì, ẹ rò ó bí agbada tí a gbé síta láti gbe òjò. Ohùn tí ó rin ọ̀nà tí ó jìn tó bẹ́ẹ̀ kò ní agbára púpọ̀ mọ́. Bí ẹnu agbada bá ṣe fẹ̀ tó ni omi rẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó. Ìgbì tí a ń pè ní Ku kò nílò ju díìsì kékeré tí kò fẹ̀ tó mítà kan, ṣùgbọ́n òjò ńlá a máa dí i lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ìgbì C kì í bẹ̀rù òjò tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ díìsì rẹ̀ sábà máa ń fẹ̀ tó mítà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun kékeré tí ó wà níwájú díìsì, tí a ń pè ní LNB, ni ó ń gba ohun tí díìsì kó jọ, tí ó sì ń rọ̀ ọ́ sílẹ̀ kí wáyà lè gbé e wọlé. Kò gbọdọ̀ sí ewé máńgòrò tàbí òrùlé páànù láàrin díìsì àti sátẹ́láìtì.

Ní ti ibi tí a óò kọjú díìsì sí, sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan ni ó ní ibi tirẹ̀. Èyí tí ó wà ní dígírì 36, tí DStv ń lò, wà ní ìlà oòrùn wa, ó sì yà díẹ̀ sí gúúsù. Mo ń sọ èyí nítorí pé mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn kan pé díìsì ń fi Qibla hàn. Rárá o. Láti ọ̀dọ̀ wa, Makkah wà ní ìlà oòrùn tí ó yà sí àríwá. Àlàfo àárín àwọn méjèèjì tó nǹkan bí dígírì 38. Ẹni tí ó bá fi díìsì aládùúgbò wá Qibla ti ṣìnà gidigidi.

Ẹ̀kẹta ni tẹlifóònù tí ó wà lápò olúkúlùkù. Rédíò tí ó ń gbà kò ti ojú sánmà wá. Bí ó bá jẹ́ FM ni, òpó Òṣogbo náà ni, wáyà gbohùnsétí ni ó sì ń lò bí áńtẹ́nà. Bí ó bá jẹ́ ti íntánẹ́ẹ̀tì, orí òpó ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ni ó ń gbà wá, dátà ni ó sì ń jẹ. Láti ọdún 2023 ni Starlink ti ń ta íntánẹ́ẹ̀tì láti orí sátẹ́láìtì nílẹ̀ wa, láti orí èyí tí ènìyàn lè gbọ́ rédíò gbogbo ayé. Àmọ́ ẹ padà bi í ní ìbéèrè kejì àti ìkẹta: owó oṣooṣù ń bẹ lórí rẹ̀, ó sì ń fẹ́ iná. Ohun tí ilé ìwé tàbí ẹgbẹ́ lè dá owó jọ rà ni, kì í ṣe ohun tí ẹnì kan yóò torí rẹ̀ jẹ gbèsè.

Bí ẹ bá bi mí pé kí ni kí ẹbí tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n rà, ìmọ̀ràn mi rèé: rédíò lásán tí ó dára ni kí ó kọ́kọ́ rà. Bí owó bá tún kù, tí iná sì wà, kí ó ra dẹ́kódà tí kò ní owó oṣooṣù, lẹ́yìn tí ó bá ti rí i kí ó ṣiṣẹ́ nílé ẹnì kan ní ìlú yìí. Kí ó má ṣe fi ẹ̀rọ tuntun rọ́pò ti àtijọ́. Kí ó fi lé e ni.

Ọ̀rọ̀ ìparí

Ọ̀dọ́kùnrin Inísà yẹn kò san owó ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ó padà lọ bá ẹni náà, ó sì fi sùúrù ṣàlàyé ọ̀rọ̀ oòrùn tí ó ti wọ̀ fún un. Apá kan owó rẹ̀ ni ó rí gbà padà. Ìyókù ti di owó ẹ̀kọ́. Ohun tí ó dùn mọ́ mi nínú ni pé ọmọ iṣẹ́ kan tí ó dúró tì wọ́n níbẹ̀ wá bá mi ní ọjọ́ kejì, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bí a ṣe ń ka dígírì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ láàrin wa, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju gbogbo wa lọ. Ohun tí oníbàárà kò mọ̀, amánà ni ó jẹ́ lọ́wọ́ yín. Nígbà tí ẹ bá sọ fún un pé, “Èyí kò lè ṣiṣẹ́ níbí, má náwó lé e,” ẹ lè pàdánù owó ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ àti ilé ọmọ rẹ̀ yóò máa wá yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń rajà, ẹ má ṣe tijú láti bèèrè. Ẹni tí ó bá bèèrè ìbéèrè mẹ́rin yẹn kí ó tó sanwó kò níí padà wá bèèrè bí òun ṣe máa gba owó òun.

Kí Ọlọ́run fún wa ní ìmọ̀ tí yóò ṣe wá ní àǹfààní, kí Ó sì fi ìbùkún sí iṣẹ́ ọwọ́ wa.